Agolo Erùpẹ̀

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Samaru,
Ṣọlápé ẹ̀gbọ́n mi fi àwọ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Ìlọrin:
mọ́kànlá, ó ti pò wọ́n tán, ó ti sọ wọ́n lórúkọ.
"Ìka lásán ni wàá fi kàn án."
Mo fi ìka kàn án.
Ojú ọ̀run Sáríà di aró,
ilẹ̀ pupa di oyin,
ògiri amọ̀ ń dán bí ara ọmọ tuntun tí wọ́n fi òrí pa.
Gbogbo ènìyàn ní ó dára.
Èmi náà ní ó dára.
Ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹ̀wù àyálò:
bí kò bá fún ọ lápá, á ṣò ọ́ lọ́rùn.

Iná ti lọ láti àárọ̀ àná.
Bátìrì ku mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún.
Abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni mo ti ń ṣiṣẹ́,
ojú fóònù ń tàn yòò,
mo ṣe bí àwòrán ló mọ́lẹ̀.
Ilẹ̀ mọ́, mo gbé e síta sínú oòrùn:
eérú.
Òru ti purọ́ fún mi,
mo sì ti fi irọ́ náà ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́rìnlélógún.
Láti ìgbà náà, mo máa ń rẹ iná ojú fóònù sílẹ̀ dé ìdajì.
Fọ́tò tí mo bá yà lónìí,
mo máa ń jẹ́ kó sùn kí n tó fọwọ́ kàn án.

Tanimu ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá géètì.
Mo yà á láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́,
ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ báàfù omi, ó ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò.
Bọ́tìnnì kan wà tó ń lé eruku.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Òkè Kufena yọ lẹ́yìn rẹ̀ gbàgà,
igi dòǹgóyárò yọ, ewé kọ̀ọ̀kan.
Mo gbé e fún un. Ó wò ó, ó wò ó,
"Ina ne nan?"
Ó ń béèrè ibi tí ó wà,
òun tó ti jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógún.

Àṣé ọyẹ́ ni mo yà.
Àṣé onílé ni mo lé jáde nílé rẹ̀.
Mo tẹ ọfà tó ń padà sẹ́yìn,
lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹfà,
títí eruku fi padà wá bá Tanimu,
tí ó jókòó tì í bí ọ̀rẹ́.

Báyìí, díẹ̀ ni mo ń ṣe.
Mo gé etí ibi tí ojú kò nílò.
Mo fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ kí n tó ronú àtifà á sókè.
Ibi tó bá dúdú, mo bi í bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀.
Ọ̀pọ̀ ìgbà, ó fẹ́ bẹ́ẹ̀.
Ní ti pupa, mi ò gba ojú ara mi gbọ́ mọ́:
mo bu erùpẹ̀ ẹnu ọ̀nà wa sínú agolo Róòbù,
mo máa ń ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù,
máa wo ìhín, máa wo ọ̀hún,
títí àwọn méjèèjì yóò fi jọ ọmọ ìyá.
Hajiya Talatu tó ń dín máásà bi mí bóyá oògùn owó ni.
Mo ní bó bá jẹ́ oògùn owó ni, ṣé mà á máa jẹ ọ́ ní gbèsè?
Ó rẹ́rìn-ín, kò sì gbàgbé gbèsè náà.

Kò pé, o.
Nígbà òjò, ilẹ̀ a máa ṣókùnkùn, agolo a sì ṣì wí;
ní oṣù kẹjọ mo máa ń dà á nù, kí n bu òmíràn.

Lánàá ni Ṣọlápé pè.
Ó ti rí àwọn àwòrán mi.
"Fi àwọ̀ tìrẹ náà ránṣẹ́ sí mi," ló wí.
Mo gbé agolo náà wò,
mo fi ọ̀rá dì í, mo so ó lẹ́ẹ̀mejì.
Mo ń wá ẹni tó ń lọ Ìlọrin.